Ìpín Wa Lórí Àpáta

Òórùn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rẹ sómi ló máa ń jí mi ní àárọ̀ ọyẹ́ nílùú wa, Ọ̀dẹ̀dá. Òórùn náà kan, ó sì wúwo. Àlejò tó bá ti Abẹ́òkúta wá a máa fọwọ́ bo imú, ṣùgbọ́n ní tiwa, òórùn oúnjẹ ni. Kí oòrùn tó yọ, a ó ti máa gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ lórí àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí àwọn obìnrin ti ń gbá ojú òkúta mọ́ kí wọ́n tó sá láfún.

Ẹni tó ń gba títì kọjá lè rò pé kò sí ẹni tó ni àpáta náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agboolé kọ̀ọ̀kan ló ní ìpín tirẹ̀, ibi tí òkúta bá sì ti sán ni ààlà. Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, jogún tirẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá sá nǹkan kan sórí ìpín rẹ̀ nígbà ọyẹ́, aládùúgbò rẹ̀ lè gbà á. Ìyá àgbà a máa wí pé, "Àpáta kì í rántí orúkọ, ọwọ́ tó ń gbá a ló mọ̀."

Nígbà tí mo wà ní pírámárì kẹta, Ìyá àgbà yọ̀ ṣubú lọ́nà odò, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú. Ọyẹ́ dé, kò lè gun àpáta. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní ìgboro, iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n wá. Bí ìgbálẹ̀ àwọn yòókù bá ti ń dún, Ìyá àgbà á mí kanlẹ̀, á sì kọjú sí ògiri. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo bu ẹ̀gẹ́ tó ṣẹ́kù nínú ìkòkò, mo fún omi rẹ̀ bí mo ti máa ń rí Ìyá àgbà tó ń ṣe é. Kò ju abọ́ kan lọ. Mo gbé e gun àpáta.

Ìyá Mùínì, tí ìpín rẹ̀ bá tiwa pààlà, ti gbá ìpín tirẹ̀, ó sì ti gbá tiwa mọ́ ọn. Láfún rẹ̀ funfun kọjá ibi tí òkúta sán. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọyẹ́, mà. Mo wá sá láfún wa ni."

Ó wo abọ́ ọwọ́ mi. "Láfún nìyí àbí oúnjẹ adìyẹ?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. "Ìyá Mùínì, ẹ jẹ́ kó sá oúnjẹ adìyẹ ẹ̀," ni ẹnì kan wí láti òkè.

"Ṣé ìyá àgbà ẹ ló rán ẹ?" ni Ìyá Mùínì bi mí.

"Rárá, mà. Wọn ò mọ̀ pé mo jáde."

Mo rí ojú òkúta kékeré kan tí kò tíì bò, mo tẹ́ láfún mi síbẹ̀, mo sì jókòó tì í kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́. Ìyá Mùínì wò mí títí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, tó ń fi ọwọ́ wọ́ láfún rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ààlà.

"Kì í ṣe torí tìẹ o," ló wí. "Ìyá àgbà ẹ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fún ẹ̀gẹ́ nígbà tí mo ṣe ìyàwó débí. Bá mi kí wọn."

Nígbà tí mo ròyìn fún Ìyá àgbà, ìbéèrè kan ló bi mí: "Ṣé o tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́?"

Abẹ́òkúta ni mo ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama báyìí, àròkọ ni wọ́n sì fi mọ̀ mí níbẹ̀. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo lọ sílé, mo mú ìwé mi gun àpáta láti kàwé nínú oòrùn. Ìyá àgbà ti darúgbó, kì í gun àpáta mọ́. Ìpín tí mo rí bíi pápá nígbà èwe kò gbà mí ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ. Rùkáyà, ọmọ-ọmọ Ìyá Mùínì, dúró sí ààlà pẹ̀lú ìgbálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àbọ̀. Ìyá wa ní kí n bi yín bóyá ẹ ṣì máa sá tiyín."

Mo rántí ọmọ tó gbé abọ́ kan wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Kò mọ àròkọ kọ, ṣùgbọ́n kò dúró kí ẹnikẹ́ni bi í.

"Dúró dè mí," ni mo wí. Mo fi ìwé mi lélẹ̀ lápá tiwa, mo sì sọ̀ kalẹ̀ lọ bu ẹ̀gẹ́.