Ọmọ Adẹ́mu Massè ni Bàbá Mi

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi tẹ irọ́ náà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan lẹ́bàá ọjà Adja-Ouèrè. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wé láwàní lèmọ́mù fún bàbá mi, akọ̀wé ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí mú bébà kan wá kí n bá òun tẹ̀ ẹ́. Ìran bàbá mi ló kọ síbẹ̀: pé baba ńlá wa jẹ́ Lárúbáwá, pé láti Mẹ́kà ló ti gba aṣálẹ̀ wá tẹ̀dó sí ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí. Mo bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ò rẹ́rìn-ín rárá.

"Wo àwọ̀ bàbá rẹ," ó ní. "Ṣé àwọ̀ ará ibí nìyẹn?"

Lóòótọ́, bàbá mi pupa bí epo. Ara ìyá rẹ̀ ló ti mú un, obìnrin Oko-Akarè kan tí kò sẹ́ni tó rí aṣálẹ̀ rí nínú ìran rẹ̀. Bàbá tó bí i, adẹ́mu ni ní Massè. Orí ọ̀pẹ ló ti ń jẹun, Ògún ló sì bọ títí ó fi kú. Ibi tí bàbá mi ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ àfáà kan ló ti gba ẹ̀sìn, tó kọ́ kéwú títí ó fi ju ọ̀gá rẹ̀ lọ.

Mo mọ gbogbo èyí, mo sì tẹ̀ ẹ́. Kí n má purọ́ lẹ́ẹ̀kejì: ó dùn mọ́ mi. Nílé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ a máa gbóòórùn aṣọ mi, wọ́n á ní ẹmu ló ń rùn. Ọmọ Mẹ́kà kì í rùn.

Bàbá mi ka ìwé náà tán, ó gbójú sókè.

"Ta lẹni yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Bàbá tèmi wá ńkọ́? Níbo lo sin ín sí nínú ìwé yìí?"

Ojú tì mí.

Níbi tiwa, kí wọ́n tó wé láwàní, alága ìgbìmọ̀ á bèèrè níwájú gbogbo èèyàn pé, "Ọmọ ta ni?" Àgbà ilé bàbá ẹni náà ló ń dáhùn. Nínú àwọn àgbà ilé wa, ẹnì kan ṣoṣo ló kù, àbúrò bàbá bàbá mi lóbìnrin, tó ṣì ń bọ Ògún ní Massè. Ìgbìmọ̀ ní kò gbọdọ̀ yọjú. Akọ̀wé ni yóò fi ìwé Mẹ́kà dáhùn. Bí bàbá mi bá kọ̀, wọ́n á wé láwàní fún ẹlòmíràn. Ọdún méjìlá ló sì ti fi ṣe igbákejì lèmọ́mù.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìwéláwàní, bàbá mi ní kí n gun alùpùpù lọ gbé ìyá àgbà náà wá láti Massè.

Alága bèèrè. Akọ̀wé ti ń tú bébà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: ìyá dìde láàárín àwọn obìnrin, ó fa igbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń gun ọ̀pẹ yọ nínú àpò, ó gbé e sórí ẹní.

"Ọmọ adẹ́mu Massè ni," ó ní. "Igbà bàbá rẹ̀ rè é."

Alága sọ̀rọ̀ sí bàbá mi létí. "Ẹ sọ fún wọn pé ìyá ń ṣarán."

"Kò ṣarán," ni bàbá mi wí, tí gbogbo èèyàn sì gbọ́. "Òun ló wẹ̀ mí lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi. Bó bá jẹ́ ọmọ Mẹ́kà lẹ ń wá, Mẹ́kà ò sá lọ. Ẹ lọ mú un wá."

Wọ́n ká láwàní. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n wé e fún ẹlòmíràn. Mo sunkún, bàbá mi ò sunkún. Ó gbé igbà náà kọ́ sí ògiri yàrá tó ti ń kéwú, ó sì ń lọ mọ́ṣáláṣí bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀, ó ń tò sẹ́yìn bíi ti gbogbo ayé.

Kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí bàbá akọ̀wé fi kú. Kó tó kú, ó ti sọ pé bàbá mi ni kó wẹ òun, kó sì kírun sí òun lára. Akọ̀wé wá sílé wa láàárọ̀. Èmi ni mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọlọ́fọ̀. Mo ṣe é.

"Ọmọ ta lẹ ń wá?"

Ó wolẹ̀. "Ọmọ adẹ́mu Massè."

"Mi ò gbọ́ dáadáa."

Ó tún un sọ, gbogbo agbo ilé gbọ́. Ìgbà tí mo yíjú padà, bàbá mi ti wọ bàtà, ó ti mú búta tí yóò fi wẹ òkú lọ́wọ́, ó ń dúró kí n yà fún òun.