Ènì Ọsàn Lọ́wọ́ Lọ́pẹ́

Bí ẹ bá wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin wa, lójú ọ̀nà tó ti Òrè lọ sí Odígbó, lọ́jọ́ tí a bá ń ṣeré ìdárayá, ẹ ó rí obìnrin kan lẹ́bàá ògiri pápá tó ń bó ọsàn. Kì í wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó bá ń bó o. Èèpo á máa fà, á máa fà títí á fi kanlẹ̀, kò ní já. Tó bá dìde ni ẹ ó tó rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́pẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ìyá Ọlọ́sàn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìsinsìnyí ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Wọ́n á sì máa sín ìrìn rẹ̀ jẹ tó bá kẹ̀yìn sí wọn. Mo máa ń jágbe mọ́ wọn, àmọ́ ẹnu mi ò gba irú ìbáwí bẹ́ẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀.

Èmi ni Oríyọmí, olùkọ́ eré ìdárayá níbẹ̀. Ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, èmi àti Lọ́pẹ́ jọ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ọmọ Ajue ni, ìyá rẹ̀ sì ni ìyá àdúrà nílé àdúrà kan níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú. Òun nìkan ni ìyá yẹn bí.

Ní ìgbà òjò, ẹ̀rín la máa ń fi Lọ́pẹ́ rín. Pápá á di àbàtà, a ó kó eré wọ yàrá ìjẹun: tẹ́nìsì orí tábìlì, ayò, lúdò. Lọ́pẹ́ ò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Bọ́ọ̀lù á ti kọjá lẹ́tí rẹ̀ kó tó gbé pátákó sókè. Mo máa ń nà án ní mọ́kànlá sí ẹyọ kan, èmi náà ni mo sì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fún un ní ẹyọ kan yẹn, kí àwọn tó ń wòran lè túbọ̀ rẹ́rìn-ín.

"Máa nà mí lọ," ni yóò wí. "Òjò á dá."

Òjò á sì dá. Tí ọyẹ́ bá dé, tí pápá gbẹ, tí eruku pupa bo ewé kòkó lẹ́yìn ọgbà, ẹnu gbogbo wa á pa. Eré irínwó mítà ni eré tirẹ̀. Kì í wẹ̀yìn, kì í mí hẹlẹhẹlẹ, ṣe ló máa ń sáré bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tó fẹ́ tètè padà. Èmi ni mo máa ń ṣe ipò kejì. Ọdún méjì gbáko ni mo fi wo ẹ̀yìn Lọ́pẹ́, mo mọ gbogbo ibi tí wọ́n ti rán ẹ̀wù eré rẹ̀. Mo kórìíra ẹ̀yìn yẹn dé egungun.

Olùkọ́ wa nígbà náà ni Ìyáàfin Adékẹ́mi, tí ìjọba gbé wá láti Èkìtì. Mà la máa ń pè wọ́n. Nínú oṣù kìíní ọdún tí a máa parí ẹ̀kọ́, wọ́n kó wa jọ, wọ́n ní ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Olúsọjí. Ẹni tó bá gba ipò kìíní nínú irínwó mítà, ẹni yẹn nìkan ló máa mú. Á lọ sí yunifásítì lọ́fẹ̀ẹ́, á sì máa sáré fún ìpínlẹ̀ wa. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Lọ́pẹ́. Kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ tèmi.

Ìyá Lọ́pẹ́ gbọ́ ní Ajue, ó gun ọ̀kadà wá nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta. Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó fi òróró àdúrà pa á ní àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì. Mo ń pọnmi nítòsí, mo gbọ́ ohun tó wí.

"Ọma mi, ààwẹ̀ gbígbẹ ni, títí o ó fi sáré tán. Má jẹ, má mu. Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú pẹpẹ. Má sì gbàgbé o, ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ oúnjẹ, ó ti já a nìyẹn."

Ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Irú ìfẹ́ yẹn ń bí mi nínú títí dòní.

Lọ́jọ́ kìíní, Lọ́pẹ́ ṣì ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ètè rẹ̀ ti là, ọyẹ́ ń fẹ́ yẹ́ẹ́, tó bá dé ibi ìkòkò omi, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ọjọ́ eré gan-an, ó wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná.

"Oríyọmí, jọ̀ọ́, bá mi lọ bá Mà. Má sọ pé mo rán ẹ o. Ṣáà sọ pé o ṣàkíyèsí pé mi ò jẹun. Tí wọ́n bá fi dandan lé e pé kí n jẹ, èmi kọ́ ni mo já a. Ìyá mi ò lè bá olùkọ́ jà."

Mo lọ. Ẹ gbà mí gbọ́, mo sáré lọ ni, mo fẹ́ sọ ọ́. Mà ṣílẹ̀kùn, ògì ń hó lórí sítóòfù lẹ́yìn wọn.

"Oríyọmí, ṣé kò sí o?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun mi. Ẹ̀yìn Lọ́pẹ́ lórí pápá ni mo rí lọ́kàn mi.

"Kò sí, mà. Mo ní kí n wá kí yín ni."

"O ṣeun. Lọ́pẹ́ ńkọ́? Ṣé ó jẹun dáadáa?"

"Ó jẹun, mà."

Wọ́n bu ògì fún mi, wọ́n fi mọ́ínmọ́ín kan sí i. Mo jókòó, mo jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí mo padà, Lọ́pẹ́ ti dìde dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí o lọ múra eré."

Ó lọ wọ ẹ̀wù rẹ̀.

Nígbà tí a tò sórí ìlà, Mà wá bá a. Lọ́pẹ́ tẹjú mọ́ wọn, ó ń retí, bóyá wọ́n á yí ọkàn padà. Mà wo ẹnu rẹ̀. "Ọyẹ́ yìí mà burú o," ni wọ́n wí, wọ́n yọ fasilíìnì nínú báàgì, wọ́n fi pa á létè. Ojú rẹ̀ kú níbẹ̀. Mo rí i.

Síbẹ̀ náà, ó ṣáájú wa. Ó ṣáájú títí dé kọ́nà tó kẹ́yìn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mọ́ra. Ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́ lọ sínú gọ́tà onísìmẹ́ǹtì tó wà lẹ́bàá pápá. Mo gbọ́ bí egungun ṣe dún. Mi ò dúró. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, kò sí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni níwájú mi, inú mi sì dùn, ó dùn dé ìdí. Orúkọ mi ni Ọ̀gbẹ́ni Olúsọjí kọ.

Mà fẹ́ gbé Lọ́pẹ́ lọ sí ọsibítù. Ìyá rẹ̀, tó ti wà nínú èrò pẹ̀lú aṣọ funfun, kọ̀ jálẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ti ọmọ rẹ̀.

"Kí lo jẹ? Ọma mi, kí lo jẹ tí Ọlọ́run fi ṣe wá báyìí?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan, Màámi."

"Irọ́ ni!"

Ilé àdúrà ni wọ́n gbé e lọ. Ogójì ọjọ́ ló fi sùn níbẹ̀, egungun so bó ṣe wù ú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Mà gba mọ́tò lọ sí Ajue láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí dókítà rí i. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Lọ́pẹ́ kọjú sí ògiri, kò kí wọn. Wọ́n rò pé ìrora ni.

Ní ọyẹ́ tó kọjá yìí, Mà fẹ̀yìn tì, a sì ṣeré ìdárayá láti fi dágbére fún wọn. Bí wọ́n ṣe ń wọlé, wọ́n rí Lọ́pẹ́, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí i. "Lọ́pẹ́ mi! Ìwọ rèé?" Lọ́pẹ́ gbé ìjókòó rẹ̀ yí, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó ń bó ọsàn lọ. Àwọn ọlọ́jà tó wà nítòsí pariwo "Háà!" Àgbàlagbà kí i, kò dáhùn.

Mà wá bá mi, omi ti lé sí wọn lójú. "Oríyọmí, ìwọ lo sún mọ́ ọn jù. Kí ni mo ṣe fún ọmọ yìí?"

"Mi ò mọ̀, mà."

Nígbà tí eré parí, mo lọ ra ọsàn fún àwọn ọmọ tó sáré. Lọ́pẹ́ kó o sí ọ̀rá fún mi. Lẹ́yìn náà, ó ṣa èyí tó tóbi jù nínú igbá, ó bó o, ó gé e lórí, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Ènì tìẹ nìyí. Nínú gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, ìwọ nìkan lo bá mi lọ kanlẹ̀kùn Mà lọ́jọ́ yẹn."

Ó ń wò mí, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó dùn. Mo mu ún níwájú rẹ̀. Ó dùn gan-an ni.