Gèlè Ìyá Aládìn-ín

Ràhámọ̀tù ni orúkọ ìyá ọkọ mi, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn ní Ìwó títí di ọjọ́ tí wọ́n fi pa ipò dà, n kò fi ẹnu mi pe orúkọ náà rí. Ìyá Aládìn-ín ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, nítorí pé àdín ekùrọ́ ni wọ́n ń sè tà. Bí wọ́n bá ti gbé agbada ka orí ààrò ní ẹ̀yìnkùlé, tí ekùrọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta, tó ń dúdú, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé, á wọ inú aṣọ tí a sá, á sì bá mi dé ìdí iṣẹ́ mi ní báńkì lọ́jọ́ kejì. Nígbà náà, lọ́fínńdà ni mo máa ń fi bò ó mọ́lẹ̀. Lónìí, bí ẹnì kan bá lè bá mi wá òórùn yẹn rí, n kò mọ ohun tí n óò fi san án fún un.

Olúpọ̀nnà ni wọ́n bí wọn sí. Ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì kéré lọ́jọ́ orí nígbà tí wọ́n gbé wọn wá sí Ìwó ní ìyàwó kejì. Halimah ni orúkọ ìyáálé wọn. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pe ìyáálé yẹn. Nígbà tí èmi fi dé, ọkọ àwọn méjèèjì ti kú. Gbogbo ohun tí mo ti gbọ́ nípa orogún, n kò rí i láàárín wọn. Wọ́n jọ ń pa ekùrọ́, wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Ní ọ̀sán Alàmísì gbogbo, nítorí Jímọ̀ ọjọ́ kejì, wọn á tẹ́ ẹní sábẹ́ igi òroǹbó, ọ̀kan á jókòó sáàárín orúnkún èkejì, wọn á sì dirun fún ara wọn. Kòlẹ́sẹ̀ ni Ìyá Àgbà fẹ́ràn. Ìyá Aládìn-ín kò ní ohun mìíràn í dì ju ṣùkú lọ. Bí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, kí kẹ̀kẹ́ tó já mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni n óò ti máa gbọ́ ẹ̀rín wọn.

Ìyá Àgbà kú nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan. Ìyá Aládìn-ín kò sunkún lójú wa. Lẹ́yìn fìdáù, wọ́n tún gbé agbada wọn kalẹ̀, wọ́n ń se àdín bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹní kò wá sábẹ́ òroǹbó mọ́ lọ́jọ́ Alàmísì, gèlè kò sì kúrò lórí wọn mọ́. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, gèlè aláró kan báyìí. Mo rò pé bí ọ̀fọ̀ ṣe ń ṣe àgbà ni.

Àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì, Sodiqat àti àbúrò rẹ̀ Mujeebah, ni wọ́n ń tù wọ́n nínú. Bí àwọn ọmọ bá ti ti ilé-ìwé dé, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń sáré gbà. Wọ́n á sùn sórí ẹní Ìyá Aládìn-ín, wọ́n á gbé orí lé wọn nítan, ìborùn ìyá náà ni wọ́n sì ń fi bo orí.

Ìgbà yẹn ni iná orí wọ ilé wa.

Mo mọ iná orí láti kékeré. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ṣùgbọ́n mo rò pé kòkòrò náà ti bá ayé àtijọ́ lọ. Ó di ọjọ́ tí tíṣà wọn, Arábìnrin Adédìpẹ̀, fóònù mi níbi iṣẹ́.

"Ẹ má bínú, Ìyá Sodiqat," ó ní, "mo fẹ́ dá àwọn ọmọ yín padà sílé. Iná ni mo rí lórí wọn. Ọ̀kan tilẹ̀ ń rìn lórí kọ́là Mujeebah."

Mo fi ọwọ́ bo fóònù, bí ẹni pé oníbàárà tó wà níwájú mi lè gbọ́.

Mo ra oògùn, mo fi fọ orí wọn, mo fi òòyà eléyín wẹ́wẹ́ ya irun náà títí ọwọ́ fi ro mí. Iná lọ. Kí oṣù tó parí, Sodiqat tún ti ń họ orí. Mo tún ṣe é, ó tún lọ, ó tún padà. Obìnrin kan ládùúgbò ní kí n fi kẹrosíìnì pa á. Mo ní rárá o, ilé tí ààrò ti ń jó lójoojúmọ́ kọ́ ni n óò ti fi kẹrosíìnì pa ọmọ lórí. Nígbẹ̀yìn, mo kó wọn lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ó fá orí méjèèjì kodoro. Mujeebah sunkún láti ibẹ̀ délé. Nígbà tí Ìyá Aládìn-ín rí wọn, wọ́n káwọ́ lérí.

"Ìyàwó! Kí lo fi irun àwọn ọmọ mi ṣe?"

Irun hù. Iná bá a hù.

Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi, mo wẹ orí wọn mọ́ tónítóní, mo sì kó wọn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ilé-Ogbó. Ní gbogbo ìsinmi náà, kò sẹ́ni tó họ orí lára wọn. Wọ́n padà sí Ìwó, ilé-ìwé kò tíì wọlé, wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì wọn, mo ń rò ó. Kì í ṣe ilé-ìwé ni wọ́n ti ń kó o. Nínú ilé wa ni. Orí ta ló wá kù tí a kò tíì wò?

Mo pe ọkọ mi, Abdulmajeed, wọ yàrá.

"Bàbá Sodiqat, ó jọ pé ọ̀dọ̀ Màámi ni iná yìí ti ń wá."

"Màámi wo?"

"Màámi wa náà ni. Ìgbà wo lẹ rí irun wọn gbẹ̀yìn?"

"Ta ló wá máa sọ ọ́ fún wọn?"

"Ẹ̀yin lẹ jẹ́ ọmọ."

"Nítorí mo jẹ́ ọmọ ni mi ò ṣe lè sọ ọ́. Àgbà wo lo fẹ́ sọ fún pé iná wà lórí rẹ̀, Nimotallahi? Bí wọ́n bá ní ṣe là ń fẹ́ gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ àwọn ńkọ́?"

Òótọ́ ló sọ. Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ bí a ṣe ń ṣe é nígbà tí aṣọ náà bá jẹ́ ti ìyá ọkọ ẹni. Mo lè ní kí àwọn ọmọ má lọ sórí ẹní yẹn mọ́. Ìyẹn ì bá pa ìyá náà ju ikú ìyáálé wọn lọ.

Ní Alàmísì kan, mo tọrọ ààyè níbi iṣẹ́, mo tètè délé. Mo kúnlẹ̀ nídìí ààrò.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n bá yín dirun. Ọ̀la Jímọ̀ ni."

Wọn kò gbójú sókè. "O ṣé, ìyàwó mi. Irun mi ò fẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi."

"Mo ní o ṣé."

Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ lọ́nà yẹn, ọ̀rọ̀ ti tán. Mo dìde, mo fẹ́ máa lọ. Ṣùgbọ́n orí tèmi náà ti ń yún mi láti bí ọjọ́ mélòó kan. Abẹ́ hìjáàbù ni mo ń bò ó sí ní báńkì, tí mo ń fi bírò họ ọ́ bí ẹnì kankan kò bá wò mí. Mo yí padà. Mo gbé ẹní jáde, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ òroǹbó.

"Màámi, ẹ wá bá mi wo orí tèmi nígbà náà. Ó ń yún mi. Mi ò lè fi han ẹlòmíràn."

Wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n nu ọwọ́ sára ìró, wọ́n wá. Mo bọ́ hìjáàbù, mo tú irun mi, mo sì jókòó sáàárín orúnkún wọn, tèmi taṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

Ọwọ́ wọn gbóná, ó ń yọ̀ fún àdín. Wọ́n la irun mi níhìn-ín, wọ́n là á lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ tí ó ró "pó" láàárín èékánná wọn.

"Háà," wọ́n ní. Òmíràn tún ró. "Háà! Ìyá báńkì! Iná ń ṣe fàájì lórí ìyá báńkì!"

Ẹ̀rín bú. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Láti ìgbà tí Ìyá Àgbà ti kú, n kò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu wọn. Lójijì, ọwọ́ wọn dúró lórí mi.

"Bí o ti jókòó yìí ni mo ṣe jókòó níwájú ìyáálé mi," wọ́n ní. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Olúpọ̀nnà dé ni, ìyàwó tuntun. Mo ru iná wá láti ilé bàbá mi, mi ò mọ̀. Wọ́n ní kí n wá, kí àwọn bá mi dirun. Wọ́n là á, wọ́n rí i. Orogún mi ni wọ́n o! Bí wọ́n bá pariwo, orúkọ tí gbogbo agbolé á máa pè mí títí n óò fi kú nìyẹn. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní kí n jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n bu àdín, wọ́n fi kùn mí lórí, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n sọ fún ará ilé pé orí ń fọ́ mi ni. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yà á títí ó fi tán. Wọn ò sọ fún ọkọ wa, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí wọ́n fi lọ. Ta ni n óò tún wá gbé orí mi fún?"

Adìẹ kan ń tulẹ̀ nídìí òroǹbó. Nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀.

"Tèmi náà ń yún mi, Ìyá Sodiqat. Ó ti pẹ́. Ojú ló ń tì mí."

Wọ́n sì tú gèlè.

Irun wọn ti funfun ju bí mo ṣe rò lọ. Ṣùkú tí Ìyá Àgbà dì fún wọn kẹ́yìn ló ṣì wà níbẹ̀, tó ti lọ́ mọ́ra wọn, tí irun tuntun ti hù lábẹ́ rẹ̀. Wọn kò tú u láti ọjọ́ náà. Iná ti fi í ṣe ilé.

"Ṣé kí n tú u, Màámi?"

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Tú u."

Ó gbà mí títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ọwọ́ kan bá tú, wọ́n á pe orúkọ ìyáálé wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n á ní kí Ọlọ́run forí jì wọ́n.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ náà, kò sí orí tó yọ sílẹ̀ nínú ilé wa. Ìyá Aládìn-ín ló jókòó, wọ́n ń fi àdín kùn wá lórí níkọ̀ọ̀kan, àti Bàbá Sodiqat tó ń ṣàwáwí pé irun òun kò tó nǹkan. A fi ọ̀rá wé e, a yà á, a fọ̀ ọ́. Gèlè, hìjáàbù, ìborùn, aṣọ ìrọ̀rí, gbogbo rẹ̀ la sè nínú omi gbígbóná, a sì kó tìmùtìmù àti ẹní sóòrùn. Màámi kìlọ̀ fún wa pé ẹyin iná ṣì máa pa, nítorí náà ni a ṣe ń ya irun lọ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, tí a sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe látòkèdélẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, kò sẹ́ni tó ń họ orí mọ́. Kò sì padà wá mọ́ láéláé.

Láti ìgbà náà, Alàmísì di tiwa. Bí mo bá ti bọ́ bàtà, ẹní ti wà nílẹ̀. N kò mọ ṣùkú dì, wọn kò sì fi bò fún mi.

"Ọ̀nà oko bàbá mi lo là sórí mi yìí?" wọ́n á ní. "Kí ló dé tó fi wọ́ báyìí?"

Sodiqat ti wà ní yunifásítì nígbà tí Màámi sùn tí wọn kò jí. Àwọn obìnrin tó ń wẹ òkú pè mí wọlé. Nígbà tó kan irun, tí wọ́n ní kí a dì í sí mẹ́ta bí ẹ̀sìn ti wí, gbogbo wọn wò mí. Mo dì í. Ó ti kéré, ó sì rọ̀ bí òwú. Mo là á dáadáa, kò wọ́ rárá.

Mujeebah ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo báyìí. Nígbà tó wálé ní Iléyá tó kọjá, a jọ ń bó iṣu, ó sì ṣàdédé ní, "Màámi, ṣé ẹ rántí pé ìyá ò mọ orúkọ mi pè? 'Mọjíbà' ni wọ́n máa ń pè mí. Kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Mo gbìyànjú ẹ̀ wò. "Mọjíbà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò jọ ọ́. Ó mú iṣu mìíràn, ó ń bó o lọ.