Bí Àsíátù Ṣe Di Ara Tuntun Mú

Ní 1972, nígbà tí Àsíátù pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, àádóje kílò ló wọ̀n. Lọ́rì làwọn ọmọ àdúgbò wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó ń pè é, òun náà a sì máa fi ẹnu fọn fèrè lọ́rì fún wọn bó bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n orúnkún ń dùn ún. Bó bá gun àtẹ̀gùn ilé wọn tán, ó ní láti jókòó kó tó lè sọ̀rọ̀, dókítà sì ti rí àtọ̀gbẹ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ti mu àgbo, ó ti jẹ kìkì ẹ̀fọ́ fún oṣù mẹ́ta. Bó bá rù díẹ̀, kì í pẹ́ tó fi ń sanra padà.

Bùsàrí, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ lẹ́tà pé dókítà kan wà níbẹ̀ tó ń fi iṣẹ́ abẹ dín àpò oúnjẹ inú èèyàn kù. Àsíátù bá wọ bàálù lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, àpò náà kò ju ẹyin adìẹ lọ mọ́.

"Ohun tí abẹ lè ṣe la ti ṣe yìí," ni dókítà sọ fún un. "Èyí tó kù, ìwọ ni wàá máa ṣe é, títí ayé."

Àsíátù ní òun gbọ́. Títí ayé kò gùn rárá lójú ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún.

Lọ́dún kejì, ìyá rẹ̀, Afusat, tó ń ta léèsì ní Ọjà Balógun, lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Ó wò ó lójú, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì ń na ọrùn wo àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tó yá, ó yíjú padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sísí, ṣé ẹ rí ọmọge kan tó tóbi nínú bàálù yẹn?"

"Mo rí i nígbà tó ń lọ, màámi," ni Àsíátù wí. "Kò bá wa bọ̀."

Ohùn rẹ̀ ni ìyá fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì débi tí wọ́n fi jókòó sórí àpótí.

Lọ́sẹ̀ yẹn, Àsíátù kàn jáde nílé láàárọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kò sáré rí láti kékeré. Ó la àárín ọjà já, ó kọrí sí CMS, bùbá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ̀. Bàbá kan tó ń ta bàtà mú igi, ó dìde.

"Ta ló ń lé ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé mi, sà."

"Kí lo wá ń sá fún?"

"Ó dùn mọ́ mi ni, sà."

Ó ra ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgede tó ń gbálẹ̀, ó jó nínú rẹ̀ níwájú dígí títí ìyá àgbà, tó bí ìyá rẹ̀, fi ní kó jókòó, òòyì ń kọ́ òun. Ìyá àgbà gbà pé àìsàn ló ń ṣe é. Gbogbo ìgbà ló ń bu oúnjẹ kún àwo rẹ̀, Àsíátù kò sì lè jẹ ju òkèlè mẹ́rin lọ.

Nígbà tó fi máa di 1975, ó ti wálẹ̀ sí kílò márùndínlọ́gọ́rin. Ó ń ṣe taipíìsì ní Màrínà, ó sì gbàgbé dókítà pátápátá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ṣòkòtò náà kò gun ìdí rẹ̀ mọ́. Ó ti padà di àádọ́rùn-ún kílò. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sunkún, ó sì lọ bá nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Modúpẹ́, ó ròyìn iṣẹ́ abẹ náà fún un.

"Kí lò ń jẹ?" ni Modúpẹ́ bi í.

"Díẹ̀ ni, àǹtí. Àwo kékeré kan báyìí."

"Kí lò ń mu ńkọ́?"

Àsíátù wo ilẹ̀. "Mínírà."

"Mélòó lójúmọ́?"

"Mẹ́fà."

Modúpẹ́ gbé bírò sílẹ̀. "Oúnjẹ líle ni àpò yẹn lè dá dúró. Mínírà, ṣe ló ń ṣàn kọjá. Gbogbo ṣúgà inú rẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́ lára."

Láti ọjọ́ náà, omi ló kù tó ń mu. Ẹja tàbí ẹ̀wà ló ń kọ́kọ́ jẹ kó tó kan ẹ̀bà, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn dé ilé láti Màrínà. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ó máa ń lọ sí Èbúté Èrò láti gun òṣùwọ̀n onírin tí Jíbrílù, tó ń ta ẹ̀wà níbẹ̀, fi ń wọn àpò ẹ̀wà. Ọ̀sẹ̀ kan ó lọ sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ mìíràn, pàápàá lẹ́yìn Iléyá, ó gòkè. Bó bá gòkè, kì í sunkún mọ́, ṣe ló ń fi ọ̀nà kún ìrìn rẹ̀.

Ní 1979, dókítà kọ̀wé láti Lọ́ńdọ̀nù, ó fẹ́ mọ ìwọ̀n gbogbo àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ fún. Àsíátù mú ìyá rẹ̀ dání lọ sọ́dọ̀ Jíbrílù.

"Kílò méjìdínlọ́gọ́rin," ni Jíbrílù kà. "Ẹ ò tíì tó àpò kan, sísí."

Obìnrin kan tó ń ra ẹ̀wà ní kí wọ́n wọn òun náà. Òmíràn bọ́ bàtà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tò lọ wẹẹrẹ, ọjà dúró, ẹ̀rín gba gbogbo ibẹ̀. Nígbà tó kan Afusat, Jíbrílù wo òṣùwọ̀n pẹ́ díẹ̀.

"Màmá, àpò kan lé díẹ̀."

"Má fi tèmi sínú lẹ́tà yẹn o," ni Afusat sọ fún ọmọ rẹ̀.

Orí àpò ẹ̀wà ni Àsíátù ti kọ èsì náà. Ó kọ kílò rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi kún un pé òun ṣì ń sáré.