Awólé àti Ògiri Ilé Rẹ̀

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Awólé fi ṣe iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ kan ṣoṣo náà sì ni: kí ó máa wo ilé tó fẹ́ wó, kí ó sì lé àwọn tó wà nínú rẹ̀ jáde kó tó wó. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ ni Awólé. Àwọn lándíọ́ọ̀dù ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tí òun fi ọ̀dà pupa fa àmì sára ilé wọn, tí wọ́n sì ń gbé e ṣépè láti òpópónà dé òpópónà. Kò dùn ún. Ó máa ń rẹ́rìn-ín ni, á ní ẹni tó bá ṣì ń ṣépè, ó ṣì wà láàyè nìyẹn.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, òun àti ìyàwó rẹ̀ kó ẹrù wọn, wọ́n kúrò ní ìlú tí a bí wọn sí, wọ́n lọ ra ilé sí òkèèrè. Àyà ìyàwó rẹ̀ ló gbé wọn débẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ ni obìnrin náà ti ṣiṣẹ́, eruku òwú sì ti wọ̀ ọ́ láyà títí ikọ́ fi di ẹnì kẹta wọn lórí ibùsùn. Dókítà ní afẹ́fẹ́ etí òkun nìkan ló lè bá a ṣe é. Wọ́n wá rí yàrá mẹ́ta ní àjà kẹta ilé alájà márùn-ún kan, tí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti òkè, tí iwájú rẹ̀ kọjú sí omi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá wo ilé náà, ìyàwó rẹ̀ ṣí fèrèsé, ó mí sínú, ó mí síta, kò wúkọ́. Ó tún mí. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Awólé fẹ́ lọ dì mọ́ ọn ni ojú rẹ̀ bọ́ sí ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn níta. Ọ̀dà tuntun ni wọ́n fi kun ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà kan wà lábẹ́ ọ̀dà náà, ibi tí ògiri ti sán, tó dà gẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá mọ ògiri mọ̀ pé ìlà tó dúró ṣánṣán kì í sábà ṣe nǹkan. Èyí tó bá dà gẹ̀rẹ̀ ni kí èèyàn bẹ̀rù, torí ilẹ̀ ló ń fà á. Ó rí i. Ó mọ ohun tó rí. Ó yíjú padà sí ìyàwó rẹ̀ tó ń mí, ó ní kí wọ́n rà á.

Ọdún méjì ló fi dá nìkan mọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí ó bá sọ ọ́, ilé ti lọ nìyẹn, owó ìfẹ̀yìntì wọn ti bá a lọ, ìyàwó rẹ̀ á sì padà síbi tí ikọ́ ti ń dúró dè é. Bí kò bá sọ ọ́, ògiri á sọ ọ́ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìgbà tí ògiri bá sì sọ̀rọ̀, kì í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Awólé dákẹ́.

Gbígbé lókèèrè kò le fún ìyàwó rẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́fà, òun àti obìnrin tó ń ta búrẹ́dì nísàlẹ̀ ti ń dá àpárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń ṣi èdè ìlú náà sọ. Ó mọ ọjọ́ tí ẹja tútù máa ń dé, ó mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣòjòjò. Awólé ní tirẹ̀, ẹnu rẹ̀ kọ èdè náà. Bí wọ́n bá kí i, á kàn mi orí. Ọkùnrin tí àwọn lándíọ́ọ̀dù ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ tí ara wọn ń gbọ̀n, ìyàwó rẹ̀ ló wá ń bá a sọ fún ẹni tó ń gẹrun ibi tó yẹ kó gẹ̀ ẹ́ dé. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó mọ̀ ọ́n ṣe níbẹ̀ ni kó máa wo ògiri.

Ó wò ó títí, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, ó ra gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò gùn ju ìka lọ, ó po sìmẹ́ńtì díẹ̀, ó fi lẹ gíláàsì náà dábùú ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ó sì fi pẹ́ńsù kọ déètì sábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣe é nídìí iṣẹ́ wọn nìyẹn. Olófòófó ni wọ́n ń pe irú gíláàsì bẹ́ẹ̀, torí pé gíláàsì kì í nà: bí ògiri bá sún, kó má tilẹ̀ ju fífẹ̀ irun orí kan lọ, á fọ́. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, Awólé máa ń fi dá àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín pé olófòófó ò gbẹ́gbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, olófòófó fọ́.

Bàbá kan wà tó ń gbálẹ̀ ilé náà, tó ń nu àtẹ̀gùn, tó sì ń kun ibi tó bá dọ̀tí. Awólé rò ó, ó ní ìgbálẹ̀ bàbá onígbálẹ̀ ló gbá a. Ó lẹ òmíràn. Ìyẹn náà fọ́. Ó ní àga tí wọ́n ń gbé lọ sókè ló fara gbún un. Ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ bá a níbẹ̀ rárá: onígbálẹ̀ ti fi ọ̀bẹ họ ọ́ kúrò, ó ti kun ojú ibẹ̀ dáadáa, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i bí ẹni tó ṣe é lóore. Awólé dúpẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: nínú gbogbo àwáwí yìí, kò sí èyí tí kò tíì gbọ́ lẹ́nu lándíọ́ọ̀dù rí. Ọmọ ló gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ọn, ewúrẹ́ ló fara họ ọ́. Láyé ìgbà náà, bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ṣe ló máa ń ní kí wọ́n gbé ọ̀dà pupa wá.

Nígbà tó yá, ó dá ọgbọ́n kan. Ògiri àtẹ̀gùn yẹn kan náà ni ògiri yàrá wọn láti inú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ìyàwó rẹ̀ lọ ra ẹja, ó ti kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ síwájú, ó sì bá ìlà náà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti wọlé tọ̀ wọ́n wá. Ó lẹ gíláàsì mọ́ ọn, ó ti kọ́bọ́ọ̀dù padà. Ìgbálẹ̀ ò dé ibẹ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbé àga gba ibẹ̀. Ìrọ̀rí ìyàwó rẹ̀ ò sì jìnnà sí i ju gígùn apá kan lọ.

Láti ọjọ́ náà, ó ń ṣọ́ gíláàsì náà. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ti jáde báyìí, á fi tọ́ọ̀ṣì yọjú sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ọjọ́ kẹrìnlá, gíláàsì wà lódidi. Ogúnjọ́, ó wà lódidi. Inú rẹ̀ dùn, ó bá ìyàwó rẹ̀ lọ sétí omi, ó tilẹ̀ gbìyànjú láti kí ẹni méjì, ìyàwó rẹ̀ sì ń bi í pé kí ló dé tó túra ká tó báyìí. Ọjọ́ kẹtàlélógún, ó yọjú. Gíláàsì ti kán sí méjì, èékánná rẹ̀ sì wọ àárín wọn.

Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri ti lanu o. Ẹ ó rò pé kíá ló sáré lọ sọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló tún fi dákẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti ra aṣọ fèrèsé tuntun, ó ń wọn gígùn rẹ̀, ó ń kọrin, èémí rẹ̀ ń lọ geere. Awólé á bá a di etí aṣọ náà mú. Ẹ̀rù ń bà á, kì í sì í ṣe ẹ̀rù ikú. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé obìnrin náà máa béèrè ìgbà tó ti mọ̀.

Lọ́jọ́ kẹwàá, iyanrìn wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀ láti òkè ògiri. Kò pọ̀, bí iyọ̀ tí èèyàn fi ìka bù sọ́bẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbá a, ó ní eruku ìlú yìí ti pọ̀ jù. Ìgbà yẹn ni Awólé wọ bàtà, ó kó gíláàsì mẹ́ta tó ti fọ́ sínú àpòòwé, ó sì gba ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó ilé nílùú náà lọ. Kò mọ èdè tó máa fi ṣàlàyé. Ó to gíláàsì náà sórí tábìlì, ó kọ déètì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ya ìlà náà sórí ìwé bó ṣe dà gẹ̀rẹ̀, ó sì kọ àdírẹ́sì. Òṣìṣẹ́ tó bá níbẹ̀, obìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó dìde, ó mú akoto rẹ̀.

Ìyàwó Awólé ṣílẹ̀kùn fún wọn, ó rò pé àlejò ni, ó ń wá àga. Òṣìṣẹ́ náà ní kí wọ́n ti kọ́bọ́ọ̀dù. Ó fọwọ́ kan ògiri, ó gbé etí lé e, ó pe àwọn kan lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ò sì lọ sókè rárá. Ìyẹn gan-an ló já Awólé láyà, torí bí òun náà ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn bí ewu bá ti sún mọ́ tòsí. Lẹ́yìn náà, ó yọ fọ́ọ̀mù kan, ó sọ̀rọ̀ sínú fóònù, fóònù sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Awólé, ó béèrè pé:

"Ìgbà wo ni ẹ kọ́kọ́ rí i?"

Ìbéèrè yẹn wà nínú fọ́ọ̀mù tirẹ̀ náà láyé ọjọ́un. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń parọ́ sí i: wọ́n á wo ilẹ̀, wọ́n á ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Awólé wo ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa já a níbẹ̀ bó bá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó gbójú sókè, ó rí ìyàwó rẹ̀ tó ń dúró de ìdáhùn náà.

"Ọjọ́ tí a wá wo ilé," ó ní. "Ká tó san kọ́bọ̀."

Kí fóònù tó túmọ̀ rẹ̀ fún òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sétí ibùsùn. Ó wo ògiri, ó wo ìrọ̀rí rẹ̀, ó fi ojú wọn bí èyí ṣe jìnnà sí ìyẹn. Awólé ní nítorí ikọ́ rẹ̀ ni. Ó ní òun rí i bó ṣe ń mí lójú fèrèsé lọ́jọ́ náà, òun ò sì ní ọkàn láti mú un kúrò níbẹ̀. Òótọ́ sì ni.

"Mo gbọ́," ìyàwó rẹ̀ ní. "Àwọn ará ìta tẹ́ ò mọ̀ rí, ẹ lé wọn jáde nínú ilé tó fẹ́ wó, kí wọ́n má bàa kú. Èmi tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ mú mi wọnú ẹ̀."

"Mo fẹ́ kí ara ẹ yá ni."

"Ẹ̀ bá ti bi mí."

Ìdajì wákàtí ni wọ́n fún gbogbo àwọn tó ń gbénú ilé náà. Wọ́n kó wọn lọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé kan, wọ́n pín matírẹ́ẹ̀sì fún wọn. Nǹkan bí aago mẹ́rin, ìròyìn dé pé òkè tó wà lẹ́yìn ilé ti ń sún, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ padà lọ mú ohunkóhun. Àwọn kan wá bọ Awólé lọ́wọ́, wọ́n ń sọ ohun tí kò gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wá.

Ó wà ní òdìkejì gbọ̀ngàn, ó fa matírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń rìn lọ lẹ́bàá ògiri. Bó bá dé ibì kan, á dúró, á fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri, á wo òkè, á wo ìsàlẹ̀, á tún sún síwájú. Kò mọ ohun tó ń wá. Awólé dìde pé kí òun lọ bá a wò ó. Ìyàwó rẹ̀ rí i tó ń bọ̀, ó sì ké sí onígbálẹ̀ tó jókòó nítòsí, ó fi èdè ìlú náà bi í bóyá ó dáa kéèyàn sùn síbẹ̀. Onígbálẹ̀, tí kò mọ ohun kan nípa ògiri ju kó kùn ún lọ, rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mi orí pé ó dáa. Obìnrin náà tẹ́ matírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ síbẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Awólé dúró láàárín gbọ̀ngàn, ó ń wo ògiri náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í.