Bàbá Ọgbọ̀n àti Ọwọ́ Gééjì

Ìtàn tí wọn ò yé sọ níbùdó ọkọ̀ òfurufú nìyí. Ọkọ̀ kékeré kan wà lókè nígbà tí Bàbá Ọgbọ̀n, mẹkáníìkì tó ti ń sùn látìgbà tí wọ́n ti gbéra, ṣàdédé lajú.

“Ọmọ mi, ẹ́ńjìnnì ti kú.”

Awakọ̀, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, nawọ́ sí gééjì afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì. “Kò kú o, Bàbá! Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀, kò yẹ̀ rárá.”

“Afẹ́fẹ́ ayé lò ń wò yẹn. Atẹ́gùn ló ń yí fáànù iwájú. Epo táǹkì yìí ti tán! Yí i sí táǹkì kejì.”

Ọmọbìnrin náà bojú wo ilẹ̀. Àwọn igi ti ń tóbi sí i nísàlẹ̀. Ó yí i. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó jí. Nígbà tí yóò fi bojú wẹ̀yìn láti dúpẹ́, Bàbá ti ń hanrun.

Bó ṣe gba orúkọ náà ńkọ́? Ọ̀gá tuntun kan dé, ó bá ọkọ̀ tí wọn kò tíì ṣáná sí, gééjì rẹ̀ wà lórí ọgbọ̀n.

“Ó ti bàjẹ́! Ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́, ó ń ka ọgbọ̀n!”

Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ọgbọ̀n. Ó tún pààrọ̀ rẹ̀. Ọgbọ̀n!

Bàbá na ike omi tó ṣófo sí i. “Ọ̀gá, ẹ fẹnu bò ó, kí ẹ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀.” Ike rún wọnú. “Ẹ̀yin ni ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá ń sáré fà, tí ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ ò sì ṣí púpọ̀, ọwọ́ gééjì á wálẹ̀. Bí awakọ̀ bá ṣí ilẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ á ya wọlé, ọwọ́ á gòkè. Bí ẹ́ńjìnnì bá wá dákẹ́, ta ló ń fà á? Ọgbọ̀n, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí Ọlọ́run fi sáyé, náà ló máa kà.”

Ọ̀gá ranjú, ike ṣì lẹ̀ mọ́ ọn létè. “Ọgbọ̀n ni, àbí ọgbọ́n?”

“Ọgbọ̀n ló wà nínú gééjì,” Bàbá dáhùn. “Èkejì, ẹ wá a fúnra yín.”

Kò yin ẹnikẹ́ni rí. Bí awakọ̀ wa balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹyẹ, ohun tó máa sọ ò ju, “Táyà ò bẹ́. Ó dáa.”

Nígbà tí Bàbá dágbére fáyé, awakọ̀ lọ kúnlẹ̀ kí ìyàwó Bàbá. Màmá wò ó látòkè délẹ̀.

“Ṣé ìwọ ni orogún mi?”

“Háà, Màmá! Kí ni mo ṣe?”

“Ọdún méjìlá gbáko! Iṣẹ́ á parí, kò ní wálé. Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ibùdó ọkọ̀, á ṣí fìlà, títí ọkọ̀ tìẹ á fi balẹ̀. Oúnjẹ mi á ti tutù.”

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu awakọ̀, kò pẹ́ tó fi di ẹkún. Màmá fà á mọ́ra.

“Ó tó, ọmọ mi. Bó o bá ti balẹ̀ lọ́la, pè mí.”