Ìyeyè Tí Mo Ní Mo Bá Níbẹ̀

Ìró ìyeyè lórí páànù ni mo kọ́kọ́ mọ̀ nílé ọkọ mi ní Iléṣà, kí n tó mọ orúkọ àwọn ará ilé tán. Ní àsìkò òjò, bí afẹ́fẹ́ bá ti mi igi náà, àwọn èso tó ti pọ́n á máa já lu òrùlé, pá, pá, pá, bí ìgbà tí àwọn aládùúgbò bá ń sọ òkúta lu ilé olè. N kò mọ̀ nígbà náà pé ilé olè ni lóòótọ́. Igi náà kì í ṣe tiwa. Ti opó àgbàlagbà kan ni, tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ bá tiwa pààlà. Ọṣẹ dúdú ló ń sè, eérú èèpo kòkó kì í sì í kúrò lápá rẹ̀, Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìdí igi yẹn gan-an ni ààlà wà. Láti ìdí rẹ̀ sọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ ẹbí ọkọ mi ni. Láti ìdí rẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀, ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ tó ti kú ni. Kò sí ìwé kankan. Bí àwọn àgbà ṣe ń pààlà nìyẹn: wọn á ri ìyeyè mọ́lẹ̀, nítorí ìyeyè kì í tètè kú. Bí o gé e, yóò rú. Bí o gé ẹ̀ka rẹ̀ tí o fi ṣe òpó, òpó náà yóò hu ewé. Ẹni tó bá rí ìyeyè tó tò lẹ́yìn ilé kì í béèrè mọ́ ibi tí ilẹ̀ onílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ti lé lọ́gọ́rin ọdún, mo sì ti dàgbà kọjá ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi tí ń pe bàbá wọn ní olódodo kà á. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí wọ́n kọ “Olóòótọ́ Ènìyàn” sórí ibojì bàbá wọn, kà á pẹ̀lú, kí wọ́n sì wá ẹni tí yóò bá wọn ha lẹ́tà náà kúrò. Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé àwọn nìkan ni mo mú pàṣán dání fún.

Ọmọ Òṣogbo ni mí. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí tíṣà Gíréèdì Tuu kí n tó relé ọkọ, mo sì gbà pé kò sí ohun tí ìwé kò lè yanjú. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn Ìjẹ̀ṣà a máa pa mí lẹ́rìn-ín. Ìyá Ọlọ́ṣẹ a máa pe ilé ní ulé, a máa pe igi ní ugi. Lọ́jọ́ kan, mo gbàgbé ara mi, mo ní, “Igi, Màmá. Kì í ṣe ugi.” Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìyàwó tíṣà, bí mo bá pè é ní igi, ṣé yóò so ju báyìí lọ ni?” Ojú tì mí díẹ̀. Ìtìjú kékeré nìyẹn, èyí tó tóbi ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọdún díẹ̀ ṣáájú ogun abẹ́lé ni ọkọ mi ra mọ́tò ìjàpá kan, ẹ̀yìnkùlé ló sì ń gbé e sí, lábẹ́ ẹ̀ka ìyeyè. Ní àsìkò èso, mọ́tò náà á rin gbìndìn fún omi ìyeyè kíkan, eṣinṣin á bò ó bí ẹni pé ẹran ni. Ọkọ mi ní kí n lọ bá ìyá náà sọ ọ́. “Ìwọ lo mọ bí wọ́n ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀,” ó ní. “Bí èmi bá lọ, yóò dà bí ìjà.” Mo lọ, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọṣẹ. Mo ní ẹ̀ka tó nà sọ́dọ̀ wa nìkan la fẹ́ gé. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ẹ̀bẹ̀ mi.

“Ẹ gé e. Ugi kì í bínú nítorí ẹ̀ka. Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ má fọwọ́ kàn o. Ibẹ̀ lọmọ mi yóò fi mọ ilẹ̀ rẹ̀ bó bá ti Gánà dé.”

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí, ó sì ti pẹ́ tí ìyẹn ti ń ránṣọ ní Gánà. Ilẹ̀ tó ṣófo lẹ́yìn igi náà, ilé ọmọ rẹ̀ ni lójú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé koríko nìkan ni àwa ń rí níbẹ̀.

Àwọn alágbàṣe méjì wá pẹ̀lú àdá àti ayùn, wọ́n gé ẹ̀ka náà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìyá Ọlọ́ṣẹ rí i pé mò ń wo ilẹ̀ rẹ̀. Ilé ẹbí ọkọ mi kún dẹ́nu, kò sí ibi tí mo lè gbin ewúro sí. “Gbin ẹ̀fọ́ sí i,” ó ní, “kí igbó má bàa jẹ ẹ́. Bí ọmọ mi bá dé, wàá kó ẹ̀fọ́ rẹ.” Mo ní ewúrẹ́ kò ní jẹ́ kó hù. Ó na ọwọ́ sí òkìtì ẹ̀ka tí wọ́n gé. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣa àwọn tó tọ́ jáde, òun ló ń dì wọ́n mú, èmi ni mo ń fi òkúta gbá wọn wọlẹ̀. Gbogbo òpin ilẹ̀ náà lọ́hùn-ún, nítòsí ògiri ilé rẹ̀, la tò wọ́n sí. Ègé igi gún un ní àtẹ́lẹwọ́, ó fi ẹnu fà á yọ. Nígbà tí òjò kejì rọ̀, àwọn òpó náà hu ewé láti òkè dé ilẹ̀. “Ìyàwó, wá wo ọgbà rẹ!” ó kígbe. “Ó ń hu irun bí orí ọmọ tuntun!” Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó jáde wá lọ́jọ́ Sátidé kan, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó rìn láti ìdí igi àtijọ́ dé ibi òpó mi, ó ń fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó sì padà wọlé. Ọmọ òṣómàáló ni, àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà tí ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Ó mọ bí wọ́n ti ń dúró de nǹkan. Láti Sátidé yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sun ìdọ̀tí sí ìdí ìyeyè àtijọ́. Ìyá Ọlọ́ṣẹ bá a sọ ọ́: “Ọmọ mi, iná yẹn ń jó ìdí ugi o.” Ó dọ̀bálẹ̀ fún un dáadáa. “Ẹ má bínú, Màmá. A ó sún un sẹ́yìn.” Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún dáná síbẹ̀. Ìyeyè tí kì í tètè kú, iná ọdún kan ààbọ̀ pa á. Wọ́n gé e, wọ́n wú kùkùté rẹ̀, wọ́n da símẹ́ńtì lé ojú ibẹ̀, mọ́tò sì ń gbé orí rẹ̀. Ìyá náà dúró, ó wo símẹ́ńtì náà, ó mi orí. “Kò burú. Ṣebí ìyàwó wà níbẹ̀, ó mọ ibẹ̀.”

Ó wù mí láti kọ ọ́ síbí pé n kò fura. Mo fura. Mò ń já ewúro mi, mò ń fura.

Ogun ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí ìjọba Gánà lé àwọn àlejò. Ọmọ Ìyá Ọlọ́ṣẹ dé pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ mẹ́rin, àpótí kan, àti orí ẹ̀rọ ìránṣọ tó gbé mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́. Inú yàrá kan àti pálọ̀ ni gbogbo wọn há sí. Nígbà tí ó rí díẹ̀ kó jọ, ó wá fa okùn ìpìlẹ̀ yàrá méjì. Ọkọ mi jáde sí i.

“Ta ló ní kí ẹ gbẹ́lẹ̀ níbí?”

“Ilẹ̀ bàbá mi ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Ẹ ò rí ìyeyè lọ́hùn-ún ni? Ààlà wa nìyẹn.”

“Ìyeyè wo? Ìyeyè ọgbà ẹ̀fọ́ ìyàwó yín?”

Àwọn òpó mi ti ga ju òrùlé lọ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù ìbílẹ̀ lọ́dún tí ìjọba ní kí mọ́tò kúrò lápá òsì kó máa gba apá ọ̀tún.

Láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, mò ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ agbádá ọkọ mi. Ó jókòó tì mí, ó rọra ń sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ mẹ́ta ni mo bí, ṣé inú yàrá kan nílé ẹbí ni wọn yóò ti dàgbà? Ó ní orí ilẹ̀ yẹn ni òun yóò kọ́ ilé mi sí, pé èmi ni n ó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni òun fẹ́: “Mo bá a níbẹ̀ ni.” Ó mú mi kà á lẹ́ẹ̀mẹta, bí mo ti ń mú àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ka A, B, D. Mo kà á. Mo sì ti ń rí fèrèsé ilé náà lọ́kàn mi, mo ti ń yan àwọ̀ kọ́tìnì.

Ní kóòtù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi búra pé bàbá àwọn ló mú òun lọ́wọ́ lọ fi àwọn ìyeyè náà han òun nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Ìyeyè tí mo fi òkúta gbá wọlẹ̀! Lẹ́yìn náà ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ dìde. Kò pariwo, kò sọkún. “Ẹ má dá ara yín lágara,” ó ní. “Ẹ bi ìyàwó. Òun ló gbìn ín, èmi ni mo bá a dì í mú. Tíṣà ni, kì í purọ́.” Ààrẹ kóòtù yíjú sí mi. Bíbélì wà lọ́wọ́ mi.

“Tíṣà, ta ló gbin àwọn igi náà?”

“Mo bá a níbẹ̀ ni.”

Ohùn mi kò tilẹ̀ gbọ̀n. Ó já gaara, bí ohùn ẹni tó ń kàwé níwájú alábẹ̀wò ilé-ìwé. Òtítọ́ dọ́jà ó kù tà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Kọ́tìnì ni èmi rí rà nínú tèmi. Ìyá náà kò wò mí. Ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn, bí ẹni tó ń wá ibi tí ègé igi ti gún un.

Wọ́n fún wa nílẹ̀ náà. Ọmọ rẹ̀ kó ẹbí rẹ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, lọ́dọ̀ àwọn ará ilé ìyá rẹ̀, ìyá náà sì di ìkòkò rẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà, n kò kúnlẹ̀ kí i. “Ìyàwó tíṣà,” ó ní, “ugi rẹ ti dàgbà o.” Ó kọjá lọ. Mo retí èpè, kò ṣẹ́ ẹ. Èpè ì bá tù mí lára.

Ilé náà dìde, fèrèsé rẹ̀ sì dára bí mo ti rí i lọ́kàn. Ìyàwó kejì ló kó wọ inú rẹ̀. Nígbà tí mo béèrè kọ́kọ́rọ́, ọkọ mi ní ṣé èmi ni mo ni ilẹ̀ ni. Ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún èbù tó ní òun gbin igba, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Mo kó àwọn ọmọ mi, mo padà sí Òṣogbo, mo gba yàrá ní àdúgbò Igbona, mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwà rere. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo gbọ́ pé Ìyá Ọlọ́ṣẹ kú. Láti Iléṣà sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà kò jìnnà rárá. N kò lọ rí.

Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn ọmọ ní dandan, mo gbọ́dọ̀ wá síbi ìsìnkú. Ìyàwó kejì, tí òun náà ti hewú, gbé àga fún mi lẹ́yìn ilé. Ọ̀kan nínú àwọn ìyeyè náà ti bo òrùlé rẹ̀, èso ń já lu páànù.

“Ìyálé mi, ta ló tilẹ̀ gbin igi yìí? Bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ àdá sí i.”

“Èmi ni mo gbìn ín.”

Ó pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin! Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ wo bí ẹ ṣe ba páànù wa jẹ́. Ẹ wá bá wa wá ẹni tí yóò gé ẹ̀ka rẹ̀.”

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Wọn kò sọ ẹni tí yóò kù nílé tí òtítọ́ náà yóò bá. Ní báyìí, àwọn ọmọ mi fẹ́ pín ilẹ̀ bàbá wọn. Mo ní kí wọ́n lọ wá àwọn ọmọ aránṣọ náà ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ná. Wọ́n ní, “Màmá, ẹjọ́ ti parí tipẹ́, ẹ̀yin náà sì jẹ́rìí.” Òótọ́ ni, mo jẹ́rìí. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó kọ èyí, kí n tún ẹ̀rí mi jẹ́ kí ojú mi tó dì. Bí ẹ bá fẹ́ wọn ilẹ̀ náà, ẹ fi ìyeyè tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wá símẹ́ńtì tí mọ́tò bàbá yín máa ń dúró sí, kí ẹ fọ́ ọ. Ibẹ̀ ni ìdí ugi wà.